Àwo Tí Cleophus Ń Gbé Kiri

Kò sẹ́ni tó mọ Cleophus Tarver ní Birmingham tí kò mọ àwo rẹ̀. Àwo funfun ni, etí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Níbikíbi tá a bá ti fẹ́ jẹun, ìbáà ṣe ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń yan ẹran, ìbáà ṣe ilé òkú, á fà á yọ nínú báàgì rẹ̀. Kì í jẹun nínú àwo pépà. Mo bi í nígbà kan bóyá ìyàwó tuntun tó ń kó ẹrù lọ sílé ọkọ ni. Ó ní kí n gbájú mọ́ orí tí mò ń gẹ̀.

Agẹrun ni mí, ẹgbẹ́ sì ni èmi àti ẹ̀. Àwa ọkùnrin dúdú tó ń fẹ́ ọkùnrin ní ìlú yìí, a máa ń kó ara wa jọ bí agboolé, kí ọmọ tí ilé tó bí i ò gbà dáadáa lè rí ẹni bá gbé. Ẹni tó bá ṣe olórí, ìyá là ń pè é, irùngbọ̀n ì báà kún àgbọ̀n rẹ̀. Cleophus ni ìyá ilé tiwa. Ọmọ mọ́kànlá ló ní, kò lóyún rí.

Nígbà tí oògùn ìdènà éèdì dé, hóró kan lójúmọ́ tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè wọ ara ẹni tí kò tíì ní i, Cleophus sunkún ayọ̀. Ó rò pé wàhálà ti tán. Wàhálà wo ló tán? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní ó ń run òun nínú. Ọ̀kan ní òun kì í ṣe oníṣekúṣe. Ọ̀kan ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró hóró náà nínú ike oògùn. Àwọn ilé ìwòsàn kan wá ri pátákó ńlá mọ́ ojú títì, wọ́n ya ọmọkùnrin dúdú kan sí i tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, wọ́n wá ń bi wá pé kí ló dé tá ò wá. Ta ló fẹ́ yà síbẹ̀ nígbà tí díákónì ìjọ rẹ̀ ń kọjá lọ lójú títì? Àwọn èèyàn yẹn sú mi, mi ò ní purọ́.

Cleophus ṣòfin tirẹ̀. Níbi ìdíje ijó àti oge tá a máa ń ṣe, kò sí ọmọ ilé wa tó máa jáde sójú agbo láì kọ́kọ́ gbé hóró kan mì níwájú Màmá. Á ní kí o lanu, kí o gbé ahọ́n sókè kí òun yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ń kùn, àmọ́ wọ́n ń mu ún.

Àfi Javaris. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó mọ̀ ọ́n jó ju gbogbo wọn lọ. Ó mu oògùn náà fún oṣù mẹ́rin, ó bá jáwọ́, ó sì jáwọ́ nínú ìdíje pẹ̀lú kí Màmá má baà yẹnu rẹ̀ wò. Lọ́dún yẹn kan náà, méjì nínú àwọn ọmọ wa ti kó éèdì, Javaris sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí olólùfẹ́ tuntun. Ọkàn Cleophus ò balẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ tọ́mọ náà wá gẹrun, ó ti jókòó dè é ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, kò ríbi sá sí.

"Oṣù méjì tí o ò ti mu oògùn," Cleophus sọ fún un. "Ṣé o fẹ́ kí n tún sin òkú ọmọ ni?"

Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní: "Màmá, àwo pépà ni ìyá mi fi ń bu oúnjẹ fún mi."

Mo pa ẹ̀rọ tí mo fi ń gẹrun.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Abẹ́ adójútòfò ìlera ìyá rẹ̀ ló ṣì wà, torí náà gbogbo ìgbà tó bá gba oògùn, ilé iṣẹ́ náà á kọ lẹ́tà sí ìyá, wọ́n á dárúkọ oògùn náà síbẹ̀ gbàgàdà. Ẹ gbà mí o, irú wèrè wo nìyẹn? Àgbàlagbà ọkùnrin ló mu oògùn, ìyá ẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí! Ìyá náà, Arábìnrin Ernestine, tẹ orúkọ oògùn náà sórí fóònù, éèdì ló kọ́kọ́ rí. Kò pariwo, kò lé ọmọ jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé jẹun nínú àwo olódòdó, Javaris nìkan ló gba pépà àti ṣíbí ike. Ó bá purọ́ fún un pé àṣìṣe ilé oògùn ni. Ìyá ní bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí lẹ́tà míì ò dé, òun á gbà á gbọ́.

"Ó ku oṣù kan péré, Màmá," ni Javaris wí. "Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí àwo ìyá mi ná."

Èébú ti dé ètè mi. Cleophus ló gbọ́wọ́ sókè. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí itan, ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá àwọn, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin gbé àwo pépà fún òun lójú gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n náà ti gbọ́ ní ilé ìwòsàn pé Cleophus ní éèdì. Látọjọ́ náà ni òun ti ń gbé àwo tòun kiri. Mo rántí gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi í ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ojú sì tì mí.

"Ọ̀rọ̀ sunnukùn, ojú sunnukùn la fi ń wò ó," ó wí. "Sọ fún ìyá rẹ pé mò ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Roscoe á fi mọ́tò gbé mi lọ." Kò bi èmi Roscoe bóyá mo ráyè.

A débẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Arábìnrin Ernestine kí wa tẹ̀rín tẹ̀rín. Adìẹ díndín ń bẹ lórí tábìlì, àti ẹ̀fọ́, àti búrẹ́dì àgbàdo. Àwo pépà Javaris ti wà láyè rẹ̀. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ, Cleophus wojú Javaris, ọmọ náà mi orí pé ó yá. Cleophus bá yọ ike oògùn tirẹ̀ sórí tábìlì.

"Ìyá Javaris, èmi ni mo ní éèdì," ó wí. "Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Oògùn yìí ló dè é mọ́lẹ̀, kò lè pa mí, mi ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ọmọ yín ò ní i. Ó ń mu tirẹ̀ kó má baà ní i ni, ìbẹ̀rù lẹ́tà yín ló sì jẹ́ kó dá a dúró."

Obìnrin náà di tábìlì mú. "Kò ní i?"

"Kò ní i lónìí, mà. Bí kò bá padà mu ún, mi ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ọ̀la."

Ìyá wojú ọmọ rẹ̀. Ó bá dìde, ó mú pépà yẹn kúrò níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́ nù, ó gbé àwo olódòdó kalẹ̀, ó bu adìẹ tó pọ̀ sí i. Ó bu tèmi sínú olódòdó. Nígbà tó kan Cleophus, ó padà sídìí àwọn pépà, ó fa ọ̀kan yọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo fẹ́ dìde. Cleophus tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ kejì, àwo rẹ̀ wà nínú ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó jẹun nínú pépà náà. Ó tún tọrọ ẹ̀fọ́ sí i, ó ní ó dùn.

Inú mọ́tò ni mo ti tú inú mi jáde. Mo ní ojú ò ti obìnrin náà, pé kí ló dé tí kò yọ àwo rẹ̀, pé kí ló dé tó jẹ́ pé òun ló máa ń gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Roscoe," ó wí, "ṣé torí àwo ni mo ṣe lọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Javaris fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí fóònù Cleophus: hóró oògùn kan ṣoṣo, láàárín àwo olódòdó ìyá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi í ránṣẹ́ báyìí. Gbogbo ìgbà tí Cleophus bá wá gẹrun, ó gbọ́dọ̀ nà án sí mi lójú kí n rí i. Mo ti sọ fún un pé mi ò fẹ́ wò ó mọ́. Àwo olódòdó yẹn, tí wọn ò gbé fún Cleophus, ṣì ń bí mi nínú.