Ìyá Tó Ń Gbé Igbá Rù Wá

Òórùn dógóyárò gbígbẹ kò tíì kúrò nímú mi láti ọdún yẹn. Bí mo bá gba ọjà Ìpàtà kọjá lónìí, tí mo dé ìsọ̀ àwọn ọlọ́kà, tí ẹnìkan bá tú àpò bàbà tí wọ́n kó ewé yẹn sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, òórùn kíkorò náà á gbá mi nímú, ẹsẹ̀ mi á sì dúró. Àwọn ọmọ mi á ní, "Màmá, kí lẹ ń wò?" Mi ò wo nǹkan kan. Ẹ̀yìn mọ́sálásí àdúgbò wa ni mo wà, mo ti tún di ìyàwó kékeré, mo pọn ọmọ, igbá wà lórí mi, mo ń dúró kó kàn mí.

Ìwọ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, o ò ní í gbàgbé ọdún tí òjò kọ̀. Bàbà yọ ewé, kò yọ orí. Àwọn Fúlàní tó máa ń gbé wàrà wá sí ìloro wa láràárọ̀ kò wá mọ́, nítorí màlúù tó ti rù kan egungun, wàrà wo ló fẹ́ ní? Mùdù ọkà ní Ìpàtà ń gbówó lórí bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. O sì mọ àwa èèyàn Ìlọrin. A lè febi sùn, ká fi òróró pa ètè láàárọ̀ kí ará ilé kejì lè rò pé a ti jẹun. Ojú wa ò gba ìtìjú, wàlláhì, ikùn wa ló ń san án.

Ọdún yẹn ni àwọn àgbà àdúgbò àti lèmọ́mù wa jókòó, tí wọ́n ní kí gbogbo sàká tí àwọn àgbẹ̀ máa ń yọ nínú irè oko má fọ́nká mọ́, kó wà lójú kan. Àwọn abúlé tó ní àkùrọ̀ létí odò ṣì rí nǹkan díẹ̀ kó. Wọ́n yọ tiwọn, àwọn awakọ̀ ní Ọ̀fà Garage fi lọ́rì wọn kó o wálé láìgba kọ́bọ̀, àwọn obìnrin Ìpàtà ń bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ lé e lọ́jọ́ ọjà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù títì Táíwò sì kó àpò àti iyọ̀ wá. Wọ́n fi yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálásí ṣe ibi ìkó-nǹkan-sí, a sì ń pè é ní Àká. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé kò sẹ́ni tó dá a ṣe. Bí ẹnìkan bá ní òun nìkan lòun bọ́ àdúgbò wa lọ́dún yẹn, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lèmọ́mù kéde pé kí ẹni tébi bá ń pa wá gba tirẹ̀. Ta ló wá? Kò sẹ́nì kan! Gbogbo wa ká aṣọ wa mọ́ra, a gbalé lọ, ọkà sì wà nínú àpò ó ń wò wá. Ìyá arúgbó kan ló yanjú ẹ̀. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti ṣòwò obì nígbà ayé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lókè Ọya lọ́hùn-ún. Ó máa ń wé gèlè rẹ̀ gẹgẹrẹ, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, gbogbo wa la sì gbà pé owó obì ò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ àwọn àgbà lọ, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dúró ní gbangba ẹ ń pe ebi lórúkọ, ẹ wá ń retí pé kó dáhùn?"

Bó ṣe là á sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, gbogbo ilé pátá, ilé olówó, ilé tálákà, ni ìyàwó wọn ó gbé igbá olómọrí wá. Ẹnìkọ̀ọ̀kan la ó máa wọlé, wọ́n sì ta ẹní bo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ní, kó da tirẹ̀ sínú àpò. Ẹni tí kò ní, kó bù. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ọmọrí níta. Ìyá fúnra rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń sọ̀ wá bí a bá dé, òun náà ló ń gbé igbá rù wá bí a bá ń lọ. Báyìí la ṣe ń pè é ní Ìyá Ẹnu-ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn ni Àká ti ń mí. A ń rí èéfín lójú ààrò tó ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè nàka sí ẹnìkejì.

Ọkọ mi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Àáfà kékeré ni nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́ tó le bí ojú ẹja. Iyì ńlá ni, inú mi dùn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé wàhálà dé. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ọmọ wọn wá kéwú ti wá kó wọn padà sóko, sàárà ò wọlé mọ́. Èmi ń ta orúnlá ní Ìpàtà, ṣùgbọ́n ta ló ń ra orúnlá nígbà tí kò sí túwó tí yóò fi jẹ? Ọmọbìnrin wa àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmú ló ń mu. Ohun tí mo bá jẹ náà ni yóò jẹ, èmi ò sì jẹ nǹkan kan.

Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àáfà, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Ṣebí aláìní ni wọ́n kó o jọ fún? Ta ló tún ṣaláìní jù wá lọ?"

Ó ní, "Àmánà ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé ilé ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ń jẹ níbẹ̀, àgbẹ̀ kan ò ní í gbé sàká rẹ̀ wá mọ́. Gbogbo àdúgbò ni yóò sì jìyà rẹ̀."

Inú bí mi! Mo ní kó lọ fi àmánà ṣe ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Òun fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ kí ni, nígbà tí Ràmàdáànì ti lọ tipẹ́? Ó ń fi ìwọ̀nba tó yẹ kó jẹ sílẹ̀ fún mi, ó sì ń fi orúkọ Ọlọ́run bò ó kí n má baà kọ̀. Ọkọ tí mo fẹ́ nìyẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ti parí ọ̀rọ̀ wa. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ Àká wà, ebi wo ló fẹ́ wọbẹ̀? Ìyàwó kan tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ létí kànga, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àpò ọkà rọrí, ẹ má gbàgbé wa o." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá sọ pé ebi ń pa wá, wọn ò ní í gbà. Bí wọ́n bá sì gbà, á dà bíi pé mò ń fẹjọ́ ọkọ mi sùn. Torí náà, gbogbo Àlàmísì ni mò ń gbé igbá òfìfo lọ. Ìyá Ẹnu-ọ̀nà á sọ̀ mí, mo ó wọ ẹ̀yìn ẹní, mo ó dúró láàárín àpò ọkà, dógóyárò á máa ta mí nímú, ọwọ́ á máa yún mi. Nígbà tó bá ti tó bíi pé mo da nǹkan sílẹ̀, mo ó dé ọmọrí mi padà, mo ó jáde pẹ̀lú òfìfo tí mo gbé wọlé. Mo ti rọbí, mo ti sìnkú, ṣùgbọ́n ìdúró lẹ́yìn ẹní yẹn ló le jù nínú ohun tí ojú mi ti rí láyé.

Ọmọ mi kọ́kọ́ ń ké. Ó ń ké tọ̀sán tòru, ọmú ò sun. Ìgbà tó dákẹ́ ni ẹ̀rù wá bà mí. Ó kàn ń wò mí ni.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, mo jáde lẹ́yìn ẹní bí ìṣe mi, mo gbé igbá kalẹ̀ níwájú Ìyá kó lè gbé e rù mí. Kò fọwọ́ kàn án. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ mi tó ti jìn wọlé, ó fi í síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ìyàwó, lọ bá mi bu omi wá nínú ìkòkò ọ̀hún."

Mo bu omi dé, ó mu ún, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí òun gbé igbá rù mí. Bí igbá ṣe bà lé mi lórí, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ká. Ó wúwo!

Mo ní, "Ìyá, èyí kọ́ ni tèmi."

Ó ní, "Tìẹ ni. Dìde dáadáa, má jẹ́ kó dànù." Ó fẹnu sún mọ́ etí mi. "Kì í ṣe ti Àká. Tèmi ni. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọwọ́ tó ń sọ̀ mí tó sì ń gbé e rù mí láti ọjọ́ yìí wá ti mọ̀ pé igbá mi kì í yí padà. Kò fún Àká ní nǹkan, kò sì gba nǹkan níbẹ̀. Nínú gbogbo àdúgbò, Ìyá nìkan ló mọ̀ pé ebi wà nílé kọ́kọ́rọ́.

Nílé, ọkọ mi ṣí ọmọrí. Bàbà pupa, ó kún dé etí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbé e símú, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Òórùn dógóyárò wà lára rẹ̀. Ti Àká ni." Mo búra fún un, mo sọ ohun tí Ìyá wí. Kò gbọ́. Ó gbé igbá náà ó di ọ̀nà ilé Ìyá, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, mo sì ń wí fún Ọlọ́run pé bí ọkùnrin yìí bá padà wálé lọ́wọ́ òfo, èmi ò mọ ohun tí mo ó ṣe.

Wọn ò tíì pe ìrun Mọ̀gàríbì tó fi dé. Igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ní tòun ni. Ó ní ṣé mo ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu òun rí?" Ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo lọ̀ ọ́, mo fi ṣe kókó gbígbóná, mo mu ún títí òógùn fi bò mí. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọmọ mi fi gbá ọmú mú, tí mo gbọ́ tó ń gbé e mì, gbì, gbì, gbì. Ẹ̀dá ayé ò tíì kọ orin tó dùn tó ìró yẹn létí mi. Gbogbo Àlàmísì ni Ìyá ń rán mi lọ bu omi, títí òjò fi rọ̀, tí ọkà tuntun sì dé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì fi ṣe ìregún sí mi.

Ọdún gorí ọdún. Owó epo dé, ayé rọ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n Àká ò kógbá wọlé, torí kò sọ́dún tí ebi kì í bá ẹnìkan lálejò. Apá Ìyá wá ń ro ó, ó ní kí n bọ́ sórí àpótí òun. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ mi: "Ì báà wúwo, ì báà fúyẹ́, ojú rẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

Ní Àlàmísì tí mo kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, Ìyá náà gbé igbá tirẹ̀ wá bíi ti gbogbo ilé. Mo sọ̀ ọ́. Igbá náà fúyẹ́ bíi fìlà. Ó wọlé, ó jáde, mo fẹ́ gbé e rù ú, igbá ti wúwo. Ọwọ́ mi dúró sí i lára. Ìyá wa, ìyá olówó obì, Àká ló ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀! Òórùn dógóyárò tí ọkọ mi gbọ́ lọ́jọ́sí, òótọ́ ni. Ìpín tirẹ̀ tó bù ló ń dà fún mi.

Mo ní, "Ìyá, lọ́dún tí òjò kọ̀ yẹn..."

Ó ní, "Gbé e rù mí, ìyàwó. Èèyàn ń dúró lẹ́yìn mi."

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ṣí fìlà, ó jókòó. Ó ní, "Ohun tó ti bù ti di tirẹ̀. Ó ní tòun ni, kò purọ́." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n kí ni òun wá ń jẹ?"

Ìbéèrè yẹn wà lọ́kàn mi títí dòní, mo sì ń fi dúpẹ́. Ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn nígbà náà ti di ìyá ọlọ́mọ, ohùn rẹ̀ ló ga jù nínú ilé, bó bá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbọ́ ọ lójú títì. Mo máa ń rò ó pé àwọn tó kó ọkà jọ, àwọn awakọ̀, àwọn àgbẹ̀, àwọn obìnrin Ìpàtà, gbogbo wọn ló gbà á là, kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ọkà ò mọ ilé tébi wà. Ọwọ́ ẹnìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo gbé igbá ọkà tèmi láti ilé, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn àpótí. Ìyá dé, ó wọlé, ó jáde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbé tirẹ̀ rù ú. Èmi ọmọdé ni mo ranjú mọ́ àgbà, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi wá nínú ìkòkò ọ̀hún."

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bu omi.