Ibi Tí Sítíárìn Ti Ń Wúwo

Bí mo bá yí sítíárìn ọkọ̀ mi láti kúrò ní ọ̀nà oníyanrìn àdúgbò wa bọ́ sí títì ọlọ́dà, yóò kọ́kọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà yóò wúwo, bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú nísàlẹ̀, yóò sì tún tú sílẹ̀ lójijì. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Ẹlòmíràn lè wa ọkọ̀ náà fún oṣù mẹ́ta kí ó má fura. Èmi fura ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí mo ti jókòó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí sítíárìn rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Mo wọ takisí láti ìlú Aného, mò ń padà bọ̀ sí Lomé, iwájú ni mo sì jókòó sí. Mo rí i pé awakọ̀ náà ń fi agbára fa sítíárìn nígbàkigbà tí ọ̀nà bá tẹ̀. Ó rí mi tí mò ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó kàn ń wúwo díẹ̀ ni, Màmá. Kò sí nǹkan.”

Mo dákẹ́. Mi ò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé aránṣọ fẹ́ kọ́ awakọ̀ níṣẹ́. Kò pẹ́ tí a dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ó yí sítíárìn, sítíárìn náà kò sì padà mọ́. Igi àgbọn ni a lọ kọlù. Awakọ̀ náà kú. Èmi jáde pẹ̀lú apá ọ̀tún tó ṣẹ́, apá náà sì jinná, àmọ́ kò lè gbé ẹrù wúwo mọ́ títí di òní.

Mo ti ra ọkọ̀ tèmi kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré àtijọ́ ni, kò ní ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ yí sítíárìn, ọwọ́ ẹni nìkan ló ń ṣe é. Àdúgbò Tokoin Wuiti ní Lomé ni mo ti ń ránṣọ. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ń rán jù, mo sì ń fi ọkọ̀ yẹn kó aṣọ náà lọ sí Zone franche, ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá èbúté. Odidi ọdún kan ló gbà mí kí n tó tún lè jókòó sídìí rẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo padà pẹ̀lú òfin. N kì í sáré. N kì í gbé e jáde láì fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ irin ní Lomé, mo tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí gbogbo irin abẹ́ ọkọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ń ṣe é ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato, ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ sítíárìn náà fún. Ó wa ọkọ̀ náà lọ, ó wà á bọ̀.

“Kò sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí,” ó ní. “Ọwọ́ rẹ ló ń bẹ̀rù.”

“Bọ̀dá mi, ó ń wúwo.”

“Ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí, kí ló fẹ́ máa ṣe? Kó máa jó?” Ó jókòó, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. “Gbọ́, ọmọ ìyá mi. N kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn jàǹbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó. Bó bá rí àrùn, kó tún un ṣe. Bí kò bá rí nǹkan kan, a jẹ́ pé inú rẹ ni àrùn náà wà, o ò sì gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Wàá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, màá bá ọ tà á.”

Mo gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni, mo lè fa sítíárìn níbi tí kò yẹ kí n fà á, kí n sì pa ẹlòmíràn. Àmọ́ mo mọ ohun tí ìyẹn yóò gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè fi apá mi di ẹrù aṣọ mú lórí alùpùpù. Bí ọkọ̀ bá lọ, iṣẹ́ Zone franche lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi mú kọ́kọ́rọ́ kejì lójú ẹsẹ̀, ó fi í sápò.

Mẹkáníìkì tí mò ń lò jẹ́ àgbàlagbà, ará Sákété, tó ní ibi iṣẹ́ lábẹ́ igi kan létí títì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a.

“Bọ́ńsúù, Màmá,” ó ní. “Ṣé ẹ tún ti gbọ́ ohùn?”

“Ọ̀gá, kì í ṣe ohùn lónìí.”

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Àlàájì, lóṣù tó kọjá wọ́n ní ilẹ̀kùn ń sọ̀rọ̀. Mo tú ilẹ̀kùn. Ìgò omi wọn ló ṣubú sínú àpò rẹ̀.”

“Ó sì ń dún lóòótọ́,” ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó wọn afẹ́fẹ́ táyà, ó péye. Ó wà á lọ sórí títì ńlá, ó padà, ó ní ó ń lọ gbọọrọ. Ó fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó di táyà kọ̀ọ̀kan mú, ó mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó mì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

“Màmá, ojoojúmọ́ ni mo ń rí ọkọ̀ tó burú ju èyí lọ tí wọ́n fi ń kó èrò. Kò sí nǹkan.”

Gbólóhùn yẹn, kò sí nǹkan, ni mo ti gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo sì dì í mú.

“Ọ̀gá, ẹ má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀,” ni mo wí. “Lórí títì ńlá, ẹ kò yí sítíárìn rárá. Ẹ jẹ́ kí n yí i báyìí tí táyà wà lókè.”

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ wò. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, epo ló ń wá. Bó bá wúwo ní ojú kan tó sì fúyẹ́ ní òmíràn, aránṣọ yóò fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ ojú ibẹ̀ gan-an, nítorí ojú ibẹ̀ ló máa sọ irin tó ní ẹ̀ṣẹ̀. Mo wọ inú ọkọ̀, mo mú aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú báàgì mi, mo so ó mọ́ òkè sítíárìn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ mi. Mo wá ń fi ìka méjì yí i, jẹ́jẹ́. Nígbà tí aṣọ pupa náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wúwo. Mo fa ilà ṣọ́ọ̀kì sára pátákó tó wà lẹ́yìn sítíárìn. Ó tún fúyẹ́. Nígbà tó dé òdìkejì ilà yẹn gan-an, ó wúwo. Mo fa ilà kejì. Mo yí i yípo lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Táyà ti yí kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ ojú ilà méjèèjì yẹn náà ni ìwúwo ń wá.

“Ọ̀gá, ẹ wá fi ọwọ́ yín yí i. Ẹ má wo táyà. Aṣọ pupa yìí ni kí ẹ máa wò.”

Ó jókòó, ó yí i. Ó tún yí i. Nígbà tó yá, ó di ojú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nìkan gbọ́ ọ.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ní yípo kan,” ó ní. “Kì í ṣe ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ táyà. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni, kò ní máa tẹ̀ lé aṣọ yìí kiri. Ọ̀pá sítíárìn ni. Kádáánì rẹ̀ ló ti gan.”

Kádáánì ni oríkèé onírin tó jẹ́ kí ọ̀pá náà lè tẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú u, ó mú un jáde. Oríkèé náà ń tẹ̀ sí apá kan, àmọ́ ní apá kejì, ó le bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tí wọ́n fi igi dè. Rọ́bà tó bò ó ti ya, ohun dúdú kan sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó fi ìka ha á, ó fi í hàn wá. Yanrìn ni, tí epo dúdú pò bí amọ̀.

“Ta ló ń fi epo kun ibí yìí?”

Mo rò ó wò bóyá kí n purọ́.

“Èmi ni. Ní gbogbo Sátidé.”

“Gbogbo Sátidé! Ẹ ó sì tún wà á gba inú yanrìn àdúgbò yín?”

“Nítorí ìpẹtà ni mo ṣe ń kùn ún.”

“Màmá, ara ọkọ̀ la ń kùn, a kì í kun oríkèé. Ẹ ti fi epo ba rọ́bà jẹ́, ẹ sì ti fi yanrìn dí i lẹ́nu.”

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. “Kí ó má bàa kú lọ́wọ́ rẹ, o fẹ́ fi ìtọ́jú pa á.”

Ojú tì mí, àmọ́ ojú náà kò tì mí tó bí ara ṣe tù mí. Mo bi mẹkáníìkì ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí mo bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀. Kò bá ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní yóò máa gan sí i ni, títí di ọjọ́ tí yóò yí, tí kò ní padà.

Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi dá.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, mẹkáníìkì ti rí kádáánì mìíràn tó dára, ó ti fi í sí i, ó sì ti fi rọ́bà tuntun bò ó. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó wọlé, màá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adawlato. Ó wò mí, ó wọlé, ó de bẹ́líìtì láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Mi ò tíì tú aṣọ pupa náà kúrò. Ní ìkóríta àkọ́kọ́, mo yí sítíárìn sí òsì, aṣọ pupa náà kọjá ojú ilà ṣọ́ọ̀kì, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

“Ṣé ó ń wúwo?” ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Ìbéèrè tí èmi kò bi awakọ̀ takisí yẹn nìyẹn. Mo yí i sí ọ̀tún ní ìkóríta kejì, mo sì tẹ́tí sí ọwọ́ mi dáadáa.

“Rárá,” ni mo wí. “Kò wúwo.”

Ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì jáde nínú àpò rẹ̀, ó jù ú sínú àpótí iwájú ọkọ̀, ó sì pa á dé.