Ọjà Tí Ó Pẹ́ Dé

Títí di ọdún tí mo gbé ìyàwó, mo gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣì kà bí ó bá ti ní aago lọ́wọ́ àti bírò létí. Akọ̀wé rélùwéè ni mí ní Òṣogbo nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ àkókò tí ọkọ̀ ojú irin wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé gbàǹgbà kan. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, èmi náà ni mo máa ń jáde sí àwọn èrò, tí màá ní kí wọ́n jókòó, pé ohun tí ó ti wà nínú ìwé pé ó ń bọ̀, bíbọ̀ ni yóò bọ̀. Wọn a sì jókòó. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún fìlà iṣẹ́ mi ló bà mí jẹ́.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni ó ṣáájú èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún títì. Ìyàwó mi kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni, ọmọ Mùsùlùmí, ìyá rẹ̀ sì ń kiri ọjà kan dé èkejì pẹ̀lú àdìrẹ. Èmi ní tèmi, ọmọ Iléṣà ni mí, onígbàgbọ́ ni ìyá mi, èmi àti ìyá mi nìkan sì ni bàbá mi fi sáyé lọ. Láti ìgbà tí mo ti mú ìyàwó yìí wọlé, ìyá mi kò fi ẹnu kan oúnjẹ rẹ̀. Kò bú u, kò lé e. Bí a bá ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun ti jẹun. Nígbà kan, a bá a níbi tí ó ti ń bẹ iṣu láàárọ̀ kùtùkùtù, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná kò tíì ràn. Ó ní òun ti jẹun.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kérésì pé, ìyá mi fi iṣẹ́ rán awakọ̀ kan sí wa. Ó ní kí ìyàwó mi wá se oúnjẹ ọdún fún òun, kí ó fúnra rẹ̀ ra ohun tí yóò sè, kí ó sì rà á ní ọjà tí ó bá wù ú. Ìyàwó mi ní kí awakọ̀ náà tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Tí wọn ò bá jẹ eléyìí, wọn ò ní jẹ tèmi mọ́ láéláé." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ọjà wo wá ni? Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní, láti ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la títí dé ọjọ́ kejì ọdún. Ìyàwó mi ní kí a ra gbogbo rẹ̀ ní Ọjà-Ọba ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti mọ ìyá rẹ̀. Mo ní ìyá mi yóò ní wọ́n tún gbé oúnjẹ Òṣogbo wá ká òun mọ́lé. Ó ní ó dáa, ká rà á ní ọjà ńlá Iléṣà. Mo ní kò sí ọlọ́jà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìyá mi, pé kí ó tó ná adìẹ tán, ìyá mi yóò ti mọ iye tí ó ná an, yóò sì ti mọ iye tí ó yẹ kí ó ná an. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì, ni gbogbo wa bá pa iṣẹ́ tì fún odindi ọjọ́ méjì. Ẹnì kan ní kí a lọ sí Ìkìrun. Ẹnì kan ní Ẹdẹ ni. Ọ̀gá wa, tí kò ná ọjà rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ya àwòrán ọ̀nà sí ẹ̀yìn ìwé ẹrù, ó sì fi ìlà pupa fa ibi tí ọkọ̀ lè gbà.

Ìyá oníṣu kan tí ó wá fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó ló yanjú rẹ̀ fún mi. Ó ní ọjà abúlé àwọn ni òun ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú ọ̀nà Iperindo, lẹ́yìn Iléṣà. Awó ibẹ̀ sanra, iṣu ibẹ̀ kì í kan, ọrọọrún sì ni wọ́n ń ná an. Mo bi í pé ṣé ọjọ́ márùn-márùn-ún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọrọọrún. Mo fa ìwé yọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù la wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la: ogúnjọ́ jẹ́ oókan, ó sì parí sí ọjọ́ kẹrìnlélógún, ọjọ́ ìsinmi mi gan-an. Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run bá mi kọ ọ́.

Nígbà tí mo fi ìwé náà han ìyàwó mi, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ kà á dáadáa?" Mo bi í léèrè bóyá òun ló ń kọ àkókò ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo àbí èmi ni. Ó ní èmi ni.

Ọjọ́ pé. A wọ lọ́rì láàárọ̀, ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà, eruku sì sọ èrò gbogbo di ẹlẹ́fun. Mo dé fìlà iṣẹ́ mi. Nígbà tí a ń la Iléṣà kọjá, tí a ń sún mọ́ àdúgbò ìyá mi, mo tẹ orí mọ́lẹ̀ sáàárín orúnkún kí ó má baà rí mi. Àgbàlagbà akọ̀wé ìjọba. Ìyàwó mi ló ń ṣọ́ ọ̀nà fún mi. "Ẹ gbé orí sókè," ó ní, "a ti kọjá."

Awakọ̀ já wa sílẹ̀ ní ẹnu ọjà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ewé ẹ̀kọ fọ́n káàkiri ilẹ̀, ewúrẹ́ méjì sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi mú ewé kan, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò tíì gbẹ tán. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà, ká ra nǹkan ní ọjà ibẹ̀ kó tó tú."

Mo wo aago. Mo ní, "Jókòó. Ọjà yìí pẹ́ ni."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, àti pé mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyàwó mi gbálẹ̀ abẹ́ àtíbàbà kan, ó sì jókòó. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ Kánò. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, inú ti ń bí mi sí àwọn ará abúlé náà. Mo ní àwọn ènìyàn tí kò mọ iyì àkókò, ṣé irú wọn lè ní ìlọsíwájú?

Ọkùnrin kan ń ti odò bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wa wúrà lágbègbè náà, igbá tí ó fi ń fọ iyanrìn wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó kí wa. Ó ní ta ni a ń retí.

"Ọjà ni," mo ní.

"Lónìí?"

"Lónìí."

Ó wo fìlà mi, ó wo bàtà mi, ó tún wo fìlà mi. Ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó. Obìnrin kan tí ó ń ti oko bọ̀ rí àwa mẹ́ta, ó dúró. Ó bi ọkùnrin yẹn bóyá ìjọba ló sún ọjà nítorí ọdún. Ọkùnrin náà kọjú sí mi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé."

Ìwé! Obìnrin náà sáré wọ abúlé. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ̀ ní méjì méjì, àwọn mìíràn ń di gèlè lójú ọ̀nà. Àmọ́ kò sí ẹni tí ó ní ọjà lọ́wọ́, nítorí gbogbo ohun tí ó ṣeé tà ni wọ́n ti tà. Ohun tí ọwọ́ wọ́n bá nínú ilé ni wọ́n gbé. Ẹnì kan gbé tàkúté wá. Ẹnì kan gbé ọkọ́ tí kò ní ẹ̀rú. Bàbá arúgbó kan gbé ilẹ̀kùn fèrèsé kan, ó ní èkejì rẹ̀ ṣì wà lára ilé, pé bí a bá fẹ́ ẹ, òun lè lọ yọ ọ́. Obìnrin kan gbé adìẹ tí ó ń sàba, òun àti ẹyin mẹ́sàn-án nínú agbọ̀n, adìẹ náà sì ń wo gbogbo wa pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tí ó sún mọ́ oúnjẹ jù láàárín wọn ni obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, tí ó gbé kókò agbọ̀n kan àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi kanrí, a ti lé ní ogún. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí kí ọjà dé.

Lọ́jà ló dé. Orúkọ oyè baálẹ̀ abúlé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Ó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, kò sì jókòó. Ó ní, "Ta ló sún ọjà mi?"

Ogún ènìyàn nawọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fa ìwé mi yọ láti orí ìdọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n ná an kẹ́yìn, pé bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti ogúnjọ́, ọjọ́ karùn-ún di òní.

"Kí ló dé tí o bẹ̀rẹ̀ láti ogúnjọ́?"

Mo ní nítorí pé ọjọ́ kọkàndínlógún ti jẹ́ ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀.

"Ọjọ́ ọjà ọ̀hún," Lọ́jà ní, "ṣé kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Mo tún wo ìwé mi. Ó fi ìka ka ọjọ́ náà fún mi bí ẹní ń kọ́ ọmọ ọwọ́, ó fi ọjọ́ ọjà gan-an ṣe oókan, bí gbogbo ẹni tí ń ná ọjà ṣe ń kà á láti ayébáyé. Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí àná. Ó bi mí pé níbo ni ilé mi. Mo ní Iléṣà. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà," ó ní, "tí kò mọ ọjà í kà." Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà ó dájọ́. Ó ní ọjà tí ó bá ti jókòó, a kì í lé e dìde láì ná an, kí ọjà tòótọ́ má baà bínú lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ó pe ọjà ni yóò ná an, ohun kan lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi dìde lójú ẹsẹ̀. Ó ń rà, ó ń dúpẹ́, ó ń kí wọn kú ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ẹ̀rọ̀ ná fèrèsé bàbá arúgbó yẹn wálẹ̀ débi pé bàbá náà gbàdúrà fún wa. Àṣálẹ́ ku díẹ̀ nígbà tí a dé Iléṣà pẹ̀lú tàkúté, fèrèsé, ọkọ́, adìẹ tí ń sàba, kókò, àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí n kò lè pè lórúkọ. Àwọn awakọ̀ ti gbé ìròyìn ṣáájú wa. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo fèrèsé tí mo rù, ó ní ẹ kú ọjà o, ó sì wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Kérésì, òórùn adìẹ díndín ń wá láti ilé gbogbo ará àdúgbò, a sì ń gbọ́ odó ní ọ̀tún, ní òsì. Adìẹ tiwa wà ní kọ̀rọ̀ lórí ẹyin rẹ̀. Ìyàwó mi ní a kì í pa adìẹ tí ń sàba, ìyá mi sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kókò ni ìyàwó mi sè, ó gún un, ó fi ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ tì í. Ó gbé e síwájú ìyá mi, ó sì kúnlẹ̀.

Ìyá mi ṣí i wò. "Uyán ni wọ́n ń jẹ ní ulé gbogbo ènìyàn lónìí," ó ní. Ó dé e padà. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ka ọjọ́ ọjà ọ̀hún?"

Mo ṣì ń wá bí màá ṣe dáhùn. Ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ṣì í kà."

Mo yí ojú sí i. Kò wò mí. Ọmọbìnrin tí wọ́n pọ̀n lọ sí ọjà ní ọrọọrún kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn, tí ó fi ọwọ́ tẹ ewé ẹ̀kọ lánàá tí ó sì ti mọ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó wo aago. Ojú tì mí gan-an, irú ìtìjú tí n kò ní níwájú Lọ́jà.

"Irọ́ ni," mo ní. "Èmi ni mo kà á. Ó bi mí bóyá mo kà á dáadáa, mo sì pa á lẹ́nu mọ́."

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí. "Èmi ni mo bí ọ." Ó fọ ọwọ́. Ó ṣí oúnjẹ náà, ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó sì gbé e mì kí ó tó tún sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ni ó sì ń bá sọ ọ́. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ wò. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì máa ń ṣi nǹkan kà. Mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa bò ó láṣìírí bí èmi kò bá sí mọ́."

Ìyá mi ní kí ìyàwó mi dìde lórí eékún, kí ó wá jókòó ti òun, kí ó sì bu ọbẹ̀ sí i. Ó jẹ kókò náà tán, ó sì fi ìka nu àwo.