Oyin Kì í Ṣe Ṣúgà

Bọ̀ọ̀dá Kéèkì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Búrẹ́dì ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n kéèkì ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ààrò wà nísàlẹ̀, yàrá méjì wà lókè, àtẹ̀gùn tóóró kan ló so wọ́n pọ̀. Bí kéèkì bá ti ń jinná nísàlẹ̀, ìyá á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lókè, á fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ gbà, gbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé tòun wá.

Télọ̀ ni ìyá nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́. Òun nìkan ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ méjì, obìnrin lẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yìí làbúrò. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó sì fẹ́ràn adùn. Ṣúgà inú tíì rẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ayé tó korò tó báyìí, ẹ ní kí n tún mu tíì tó korò?"

Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó ń tọ̀ ṣáá. Ó ń rù. Ọmọ gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tó rí wọn ń kánjú. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó kọ oògùn fún un. Ó ti ń pe ẹni tó kàn kó tó rántí sọ pé, "Ẹ má jẹ́ kí màmá fẹnu kan ṣúgà mọ́ o."

Gbólóhùn yẹn ni ọmọ gbé délé. Ó dì í mú bí ẹni tó já bọ́ sí kànga ṣe ń di okùn mú. Ó kó gbogbo ṣúgà tó wà lókè sọ̀kalẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi sọ àìsàn lórúkọ ló ń fà á? Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní ìtọ̀ oyin. Wọn ò dárúkọ dábínù. Kòkòrò ló ń ṣe oyin, igi ló ń so dábínù, ẹ̀rọ ló ń ṣe ṣúgà. Bó ṣe rò ó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ṣe rò ó.

Ó ní oyin àti dábínù lòun á fi ṣe kéèkì ìyá, ṣùgbọ́n oyin kò rọrùn. Kéèkì àkọ́kọ́ dúdú lórí, inú rẹ̀ sì rí bí amọ̀. Ó dín omi kù. Ó dín iná kù, torí oyin máa ń yára pọ́n. Ó rẹ dábínù sínú omi gbígbóná, ó yọ kóró rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná, ó pò ó mọ́ fúláwà àti ẹyin. Ó gbìyànjú títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó wá jáde pọ́n dáadáa, ó rọ̀ bí òwú. Ó gbé e gun òkè.

Ìyá tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ọkọ mi, kí lo fi sí i?"

"Oyin àti dábínù ni, Màámi. Ṣúgà ò sí níbẹ̀ rárá."

"Rárá?"

"Hóró kan ò sí."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gé e dáadáa. Èyí tó o gé yìí, ṣé eèrà lo gé e fún?"

Ó gé e kó tóbi. Láti ọjọ́ náà, ìyá ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ tún là. Inú ọmọ dùn débi pé ó kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: KÉÈKÌ OYIN, KÒ SÍ ṢÚGÀ. Àwọn tó ní irú àìsàn náà ń wá rà á. Wọ́n ń ṣàdúrà fún un.

Bàtà ló bó ìyá ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Egbò náà ò ju ojú ẹja lọ. Wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, kò san. Wọ́n fi oògùn pa á, kò san. Ó ń fẹ̀ ni. Nígbà tí ìka náà dúdú, tó sì ń rùn, wọ́n padà sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò jẹ́ obìnrin sísanra kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó gún ìyá ní ìka ọwọ́, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gún ìka mìíràn.

"Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Kéèkì ni. Ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló ṣe é."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ. "Kéèkì kẹ̀? Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lẹ̀ ń fún ní kéèkì?"

"Kò sí ṣúgà níbẹ̀, àǹtí. Oyin gidi ni. Oyin àti dábínù."

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ṣúgà ni oyin. Ṣúgà ni dábínù."

"Rárá o. Oyin kì í ṣe ṣúgà. Oyin ni oyin."

"Níta nìyẹn. Bí wọ́n bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́."

Ìyá ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́," ó ní, "ohun tó dùn lẹ́nu mi ló wá ń dùn mí lẹ́sẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Wọ́n gé ìka náà. Egbò ò dúró síbẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Ẹ̀gbọ́n Bọ̀ọ̀dá Kéèkì obìnrin wọ ọkọ̀ dé láti ìlú tó wà. Ó bá àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò kí i.

"Gbogbo ìgbà yẹn, oyin lò ń fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀. O ò sì béèrè."

Láti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan tó kù fún ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń wò. Òótọ́ ni. Kò béèrè. Nígbà tó padà délé, ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn bó ọ̀rọ̀ ara ògiri náà. Àwọn tó ti ra kéèkì náà, kò mọ ilé wọn.

Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ewé kan wà tí wọ́n ń lọ̀, tó dùn, tí kì í ṣe ṣúgà, tí kì í di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wá a títí ó fi rí i. Ìyẹ̀fun funfun ni, nínú ike kékeré. Ṣíbí kékeré kan tó ife ṣúgà kan. Kò gbà á gbọ́, ó bu púpọ̀ sí i. Kéèkì náà korò bí egbòogi. Ó gbé e fún ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá jẹ díẹ̀, ó wò ó lójú.

"Ọkọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Ó dín in kù. Kíkorò náà dín kù, àmọ́ kéèkì ò wú. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sínú páànù, ó funfun bí ojú aláìsàn, ó gbẹ kó tó tutù. Ìgbà náà ló yé e pé ṣúgà kì í ṣe adùn nìkan. Òun ló ń gbé kéèkì ró, òun ló ń mú omi dúró nínú rẹ̀, òun ló ń pa á láró. Ó lu funfun ẹyin títí tó fi hó, kó lè gbé e ró. Ó fi ẹ̀pà tó lọ̀ kúnná dípò púpọ̀ nínú fúláwà, torí nọ́ọ̀sì ní fúláwà gan-an ń di ṣúgà nínú ara. Ibi tó bá yà sí, ṣúgà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ẹsẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Lọ́tẹ̀ yìí, ibà bá a wá, ojú ìyá sì fọ́. Àwọn dókítà dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, kéèkì ewé náà wú díẹ̀. Ó gbé e wá. Ìyá jẹ ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú.

"Ó jọ ọ́," ó ní.

"Ẹ ṣé, Màámi."

"Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Ọkọ mi, bá mi ṣe ti oyin yẹn."

"Màámi, mi ò lè ṣe é."

"Ẹyọ kan péré."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Wọn ò ní gé èyí tó kù. Ó ti kọjá gígé." Ó nawọ́ wá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi tí mo bí ẹ ni mò ń tọrọ."

Kò tíì gbọ́ ọ rí kí ìyá rẹ̀ tọrọ nǹkan. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ọwọ́ ìyá. Ọwọ́ tó ti pa á lára lẹ́ẹ̀kan nìyí. Kò fẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

"Rárá, Màámi."

Ìyá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa," ó ní. Ó kọjú sí ògiri.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá kú. Òwúrọ̀ ni, wọ́n ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó aṣọ ìyá sínú àpò, ó jáde síwájú. Nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ń dárúkọ kéèkì oyin kan," nọ́ọ̀sì wí. "Títí tí wọn ò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ṣe é. Ẹ ti sọ fún mi."

Nọ́ọ̀sì dúró, aṣọ wà láyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ohun tó fẹ́ fi tù ú nínú ló ń wá.

"Ẹ̀ bá ti fún wọn, bọ̀ọ̀dá. Níbi tí wọ́n dé yẹn, kò sí ohun tó tún lè bà jẹ́. Ẹ̀ bá jẹ́ kí ẹnu wọn dùn."

"Ẹ ṣé, àǹtí," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró dè é lórí àtẹ̀gùn.

"Kí ni nọ́ọ̀sì ń bá ẹ sọ?"

"Ó ní ká rọra sọ̀kalẹ̀. Omi wà nílẹ̀."

Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀.