Ohùn Nosiru àti Ọmọ Tí Kò Gbọdọ̀ Sunkún

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò Nosiru ní Ongar ní Ireland, tó ní òun kò mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé onítọ̀hún kì í jí láàárọ̀ ni. Ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wà láti Finglas, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, ládàánì ni. Látìgbà tí Karimot, ìyàwó rẹ̀, ti lóyún àkọ́bí wọn ló ti ń dán ohùn wò nínú balùwẹ̀, nítorí bàbá ló máa pe ìrun sétí ọmọ tuntun kí ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohùn náà ò ṣeé fi ta ọ̀tá lọ́rẹ. Ìyá àgbà ará Ireland tó múlé gbè wọ́n ti wá kanlẹ̀kùn rí, ó ń béèrè bóyá ẹnìkan ṣubú.

Nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún, wọ́n lọ ya àwòrán ọmọ inú. Obìnrin tó ń yà á sáré lọ pe dókítà. Dókítà ní awọ tó pààlà àyà àti ikùn ọmọ náà lu; ìfun ti gba ibẹ̀ gòkè, kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ráyè dàgbà. Ó ní hernia ni.

"Hernia kẹ̀?" Nosiru figbe ta. "Ìpá àwọn bàbá arúgbó? Ẹ ṣáà ní obìnrin lọmọ náà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ," Karimot bẹ̀ ẹ́.

Dókítà ní àwọn á máa fi àwòrán ṣọ́ ọmọ náà, ilé ìwòsàn tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà ni wọ́n á sì ti bí i. Bó bá ti jáde, wọn ò ní dúró kó sunkún, kí afẹ́fẹ́ má baà kún ìfun tó wà láyà rẹ̀. Wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Bí ara rẹ̀ bá gbà á, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ. Àwọn ọmọ mìíràn kì í là á já.

"Ìrun ńkọ́? Ìgbà wo ni mo fẹ́ pè é?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mí ná," ni dókítà wí.

Balùwẹ̀ dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń ba Nosiru.

Lọ́jọ́ ìbí, wọ́n sáré gbé ọmọ kọjá lára rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ kan péré ló rí. Ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tán ni nọ́ọ̀sì tó jẹ́ kó sún mọ́ ọn, ó sì fi ìka lé ètè fún un. Nosiru bẹ̀rẹ̀ sétí ọmọ, ó rọra ń pe ìrun kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n yọ rọ́bà náà. Ọmọ la ẹnu, igbe sọ, gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú padà.

"Yéè!" Karimot dì mọ́ ọkọ rẹ̀. "Ohùn yín ló gbé o!"

Nosiru jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sunkún kíkankíkan, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.