Táyà Òsì Tó Kọ̀ Láti Yí

Àkọ́bí wa kò tíì ju ọmọ oṣù méjì lọ nígbà tí òtútù kan bọ́ sí Houston, irú èyí tí àwọn ará ìlú náà fúnra wọn kò retí. Ìyá ìyàwó mi ti wá láti Ẹ̀fọ̀n Alààyè láti bá wa wẹ ọmọ, gbogbo wa sì há sínú apartment oníyàrá kan ní Greenspoint. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, a fẹ́ gbé ọmọ lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Missouri City, ìlú kan lẹ́bàá Houston. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Màmá ti múra tán.

Mo ṣáná sí mọ́tò, ó dáhùn. Mo fi sí jíà, ó mì tìtì, ó sì kọ̀ láti lọ. Nígbà tí mo tẹná mọ́ ọn, ńṣe ló ń wọ́ ara rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà.

Ọdún kẹta mi nìyẹn nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ńláńlá nípa ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ìyàwó mi gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ó mú àtíkè ọmọ, ó fi pa orí táyà kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n padà sínú mọ́tò, kí n rọra lọ síwájú díẹ̀. Ó ń rìn tẹ̀ lé mi, ó tẹjú mọ́ àmì àtíkè náà.

Ó wá sí ojú fèrèsé mi. "Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Táyà mẹ́ta ń yí. Ti ẹ̀yìn lápá òsì ni kò yí, ó kàn ń yọ̀ lórí yìnyín ni. Ṣé ẹ fa bíréèkì ọwọ́ lánàá?"

Ilẹ̀ títẹ́jú ni Houston; láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò náà, n kò fa bíréèkì ọwọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé nínú òjò ní ìrọ̀lẹ́ àná, Màmá ní a kì í fi mọ́tò sílẹ̀ láìfa bíréèkì ọwọ́. Awakọ̀ lọ́rì ni ọkọ wọn, ní ìlú tí gbogbo ọ̀nà ti ń gun òkè. Ta ni èmi tí n óò bá àna mi jiyàn? Mo fà á tagbáratagbára. Omi ti wọ inú wáyà bíréèkì náà tó ti dípẹtà, òtútù òru sì ti sọ omi di yìnyín. Nígbà tí mo tú u láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, wáyà kò tẹ̀ lé e.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì kàn án.

"Má purọ́ nítorí mi, ọmọ mi," ni Màmá wí lẹ́yìn wa. "Èmi ni mo ní kí o fà á."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn wá, àfi ọmọ nìkan tó ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè.

Màmá ló gbé omi ìwẹ̀ ọmọ jáde. Ìyàwó mi ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná jù. Mo dùbúlẹ̀ lórí páálí, mo ń dà á sára wáyà díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi òòlù kan ilé bíréèkì. Nígbà kẹta, nǹkan kan dún kó. Mo wa mọ́tò síwájú, àtíkè orí táyà yí wálẹ̀, ìyàwó mi pàtẹ́wọ́.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. A yà kúrò lórí freeway sí ilé epo kan, mo fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn méjèèjì bóyá bíréèkì ṣì di ti òsì mú, tí ó fi gbóná ju ìkejì lọ. Kò gbóná. Màmá náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì mi orí bíi mẹkáníìkì. A pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọ́n dá orin tuntun fún wa, a sì jó dé iwájú pẹpẹ.

Lọ́jọ́ Monday, oòrùn yọ, mo fi jáàkì gbé mọ́tò, mo ń pààrọ̀ wáyà náà. Màmá gbé àga wá jókòó tì mí, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń sọ fún mi bí ọkọ wọn ṣe máa ń kọrin nígbà tí lọ́rì bá ń gun òkè. N kò bá bàbá náà láyé. Mo rọra ń ṣiṣẹ́ náà, kí ó má baà tètè parí.