Mọ́tò Alága Méjì

Ọdún tí ọkọ mi fẹ́ ra mọ́tò, a ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́jọ, mi ò sì tíì bímọ. Gbogbo àdúgbò wa ní Titirou ṣì ń pè mí ní "Ìyàwó", nítorí kò sí ọmọ tí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pè mí. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo máa ń dáhùn.

Faransé kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ti gbé mọ́tò méjì sílẹ̀ fún Aláàjì kan ní Zongo kó bá òun tà wọ́n. Ọ̀kan tóbi, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn débi pé èèyàn lè sùn lé e. Èkejì kéré, ó pupa, ó sún mọ́lẹ̀, àga méjì péré ló ní. Ohun tí ọkọ mi ń wá ni èyí tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní bùrò láàárọ̀, tí yóò sì lè fi ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. Òun àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń to àgbá epo sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n á máa fi mọ́tò rìn kọ́lọkọ̀lọ láàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á máa fi aago wo ẹni tó yá jù.

Aláàjì bi í pé, "Mìsíọ̀, ọmọ mélòó lẹ ní? Bí ọmọ bá wà, ńlá yìí ni kẹ́ ẹ mú o."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Èwo lo fẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn, "ńlá yìí ni."

Mo ti jókòó sí àga ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti ń fọwọ́ pa á. Ojú tì mí láti sọ ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ńlá náà wúwo bí ìyá àgbà tó jẹun yó, kò lè yí àgbá kan ṣoṣo po. Kékeré ló rà. Mo fajú ro fún un títí ó fi sú èmi fúnra mi.

Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ó yí ọkọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, eruku bò wá, mo ń pariwo, mo ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó kọlu àgbá tó kẹ́yìn, gbogbo pápá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dárí jì í lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ wọ reluwé wá láti Ṣábẹ̀. Mo mọ ohun tó gbé e wá: wọ́n ti rí ọmọbìnrin kan fún ọkọ mi nílé, ṣọ́ọ̀ṣì ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Ìyá yí mọ́tò náà po, ó yọjú wo ẹ̀yìn àga.

"Ọmọ mi, ìwọ rèé, ìyàwó rẹ rèé. Ẹni tá à ń bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé orí òrùlé ni yóò jókòó?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rà á bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí àyè ẹnì kẹta. Ẹ má wá ẹnikẹ́ni fún mi mọ́."

Ìyá fi etí ìró nu ojú, ó ní kí n bu omi fún òun. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi padà sílé.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní orí mi dára. Òótọ́ ni, mi ò mọ obìnrin mìíràn tí ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo sì ń sunkún. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ra mọ́tò tí kò ní àyè ẹnì kẹta, ó ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ọmọ wa kò ní wá. Ó ti sin ọmọ náà láìpè mí, èmi sì ṣì ń retí rẹ̀ lóṣooṣù.